Ọmọ Ta Ni Wọ́n Fi Ṣe Òṣùwọ̀n Yìí?

Ìwé kan dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ ìyá ọmọ kan ní Mushin, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pé oṣù mẹ́wàá. Ó ń jókòó láìsí ẹni tó dì í mú, ó ń di àga mú dìde, ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Ṣùgbọ́n kò rá. Bí wọ́n bá dà á dojú bolẹ̀, igbe ni yóò fi bọnu. Ìyá náà ní ohun kan wà nínú fóònù òun tó ń sọ oṣù tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe èyí àti oṣù tí ó gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀hún, àti pé láti oṣù kẹjọ ni nǹkan náà ti ń fi àmì pupa han òun. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kò sí ohun tó ṣe ọmọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọpọlọ ọmọ náà ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Obìnrin náà kò rí oorun sùn mọ́. Ó ní, "Ìyá, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

N ó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kó fún mi láyè díẹ̀, nítorí ìbéèrè rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ rírá lọ. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bí aṣọ ti gùn tó, ọ̀pá la fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ńkọ́? Ara ọmọ mìíràn ni wọ́n ti gé e. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé "ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe báyìí ní oṣù báyìí," ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: ọmọ ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Arnold Gesell ti Yunifásítì Yale ní ìlú New Haven, ní Amẹ́ríkà. Láàárín 1920 sí 1940 ó kó àwọn ọmọ jọ, ó ń fi ẹ̀rọ sinimá yà wọ́n, ó ń kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé orí sókè sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n jókòó, àti ọjọ́ tí wọ́n rìn. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò fojú di í. Ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ará New Haven ni púpọ̀ nínú wọn, ọmọ àwọn òyìnbó tí ilé wọn rọ̀ṣọ̀mù díẹ̀. Bí ìwé náà ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn ènìyàn gbàgbé New Haven, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ọmọ ènìyàn" ni.

Ní ọdún 1950 sí 1960, obìnrin ará Faransé kan, Marcelle Geber, gbé irú ìdánwò Gesell lọ sí Kampala ní Uganda. Òun àti Dókítà R. F. A. Dean kọ ọ́ jáde ní 1957. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu: bí wọ́n bá fa ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lọ́wọ́ sókè, orí rẹ̀ kì í fì sẹ́yìn bí ti àwọn tó wà nínú ìwé. Ọmọ Uganda ń jókòó, ó sì ń rìn ṣáájú ọmọ òyìnbó. Èmi fúnra mi bá àwọn àgbà nọ́ọ̀sì tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí yangàn, wọ́n á ní, "Ẹ̀jẹ̀ wa le ju tiwọn lọ." Ní 1972 Neil Warren ṣí àwọn ìwé wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ̀rí wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí a ti rò. Inú ìwé ni wọ́n ti mú ọmọ òyìnbó tí wọ́n fi ṣe ìfiwéra, wọn kò gbé ọmọ ibí àti ọmọ ọ̀hún síwájú olùyẹ̀wò kan náà.

Ẹni tó là wá lójú jù, lójú tèmi, ni Charles Super. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Sara Harkness, kó lọ gbé ní Kokwet, abúlé àwọn Kipsigis ní Kẹ́ńyà, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta láti 1972. Wọn kò gbé ìdánwò lọ kí wọ́n sì sáré padà. Wọ́n jókòó ti àwọn ìyá, wọ́n ń wo ohun tí wọ́n ń ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Wọ́n rí i pé àwọn Kipsigis ń kọ́ ọmọ ní jíjókòó. Wọ́n á gbẹ́ kòtò kékeré sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi aṣọ ká ọmọ mọ́ra, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè dúró ṣánṣán. Wọ́n á mú un lọ́wọ́ kó máa gbé ẹsẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Nígbà tí Super kọ ìwé rẹ̀ ní 1976, ó fi hàn pé ọmọ Kipsigis fi nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọmọ Amẹ́ríkà ní jíjókòó àti ní ìrìn. Ní rírá ńkọ́? Kò ṣáájú rárá. Ohun tí a kò kọ́ ọ, kò yá a.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ padà sínú ilé yín wò. Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ìkókó sórí itan rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú bàsíà, òrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fa apá, ó fa ẹsẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn, ó sọ apá kan sórí èkejì ní àyà ọmọ. Bí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, a ó gbé e jókòó sínú bàsíà, a ó fi aṣọ há a lọ́tùn-ún lósì. Bí ó bá tún gbó sí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á mú un lọ́wọ́ méjèèjì, gbogbo ilé á máa pàtẹ́wọ́ pé kó gbé ẹsẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni gbogbo èyí, bí a kò tilẹ̀ kọ àkọlé sí i lára. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó jókòó kọ́ ọmọ ní rírá? Ilẹ̀ dọ̀tí, sítóòfù wà ní kọ̀rọ̀, omi gbígbóná wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ wà, ọ̀já ló mú un dání. Kí ló fẹ́ lọ fi rírá ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ará Jàmáíkà, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn lẹ́rú láti etíkun wa níbí, ṣì ń na ọmọ lápá lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ bíi tiwa. Ní 1980 sí 1990, Brian Hopkins àti Tamme Westra bi àwọn ìyá Jàmáíkà, ti Íńdíà àti ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń gbé ní ìlú kan náà ní England pé, oṣù wo lẹ rò pé ọmọ yín yóò jókòó, ìgbà wo ni yóò rìn? Àwọn ìyá Jàmáíkà ló retí rẹ̀ kíákíá jù, àwọn náà ni ọmọ wọn sì tètè ṣe é. Ẹni tó ń retí nǹkan yóò máa ṣiṣẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká tún wo òdì kejì. Nínú igbó Paraguay, ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ẹ̀yà kan wà tó ń jẹ́ Ache. Nígbà tí wọ́n ń rìn káàkiri inú igbó, ìyá kì í jẹ́ kí ọmọ kékeré kúrò lára òun, nítorí ilẹ̀ igbó kò ṣeé fi ọmọ sí. Hillard Kaplan àti Heather Dove kọ ní 1987 pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sún mọ́ ọdún méjì kí wọ́n tó máa dá rìn. Bí fóònù ìyá Mushin bá rí wọn, pupa ni gbogbo ojú rẹ̀ ì bá pọ́n! Síbẹ̀, kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti ń gun igi gíga tí ọmọ Èkó kò lè sún mọ́.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọgbọ́n orí. Robert Serpell, ọ̀mọ̀wé tó lo púpọ̀ nínú ayé rẹ̀ ní Zambia, mú àwọn ọmọ Lusaka àti àwọn ọmọ Manchester, ó ní kí wọ́n wo àwòrán kan kí wọ́n sì ṣe irú rẹ̀. Nígbà tó fún wọn ní bébà àti lẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ Manchester borí. Nígbà tó fún wọn ní wáyà, àwọn ọmọ Lusaka borí, nítorí wáyà ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré ní àdúgbò wọn. Nígbà tó fún wọn ní amọ̀, wọ́n dọ́gba. Ọdún 1979 ló kọ ọ́ jáde. Bó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀dì nìkan ló gbé lọ, ìwé kan ì bá ti jáde pé ọmọ Zambia kò já fáfá. Lẹ́yìn náà ó lọ bá àwọn àgbà Chewa ní abúlé, ó bi wọ́n pé, bí iṣẹ́ pàtàkì bá dé, èwo nínú àwọn ọmọ yìí lẹ ó rán? Ọgbọ́n tí àwọn àgbà ń sọ kò kúrò lára kí ọmọ ṣeé fọkàn tẹ̀, kó gbọ́ iṣẹ́, kó sì jẹ́ ẹ bó ti yẹ. Mi ò rò pé mo ní láti túmọ̀ ìyẹn fún Yorùbá tí wọ́n ti rán ní iṣẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n sì ní kó fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí ná? Àwọn kan a máa bi ìyá léèrè, ṣùgbọ́n ìyá a máa gbàgbé, òmíràn a sì máa bù kún un nítorí ojú aládùúgbò. Àwọn kan a máa mú ọmọ wá sínú yàrá kan fún ìdánwò, ṣùgbọ́n yàrá àjèjì a máa dẹ́rù ba ọmọ. Àwọn mìíràn a máa lọ jókòó ti ìdílé. Mary Ainsworth ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1954 sí 1955 ní àwọn abúlé ìtòsí Kampala. Ìyá 26 ló ń bẹ̀ wò léraléra fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń wo bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, ó gbé ìdánwò kúkúrú kan kalẹ̀ ní Baltimore, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20: ìyá á jáde, àjèjì á wọlé, wọ́n á wo ohun tí ọmọ yóò ṣe. Ìdánwò náà káàkiri ayé. Nígbà tó dé Sapporo ní Japan, àwọn ìkókó tí ìyá wọn kì í fi sílẹ̀ rí sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gé apá kan rẹ̀ kúrú fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má ṣe sọ pé ọmọ Japan kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ohun tí wọn kò ṣe sí i rí ni wọ́n ṣe sí i. Mo fẹ́ràn ìwé Uganda rẹ̀ ju ìdánwò Baltimore lọ, bí àwọn ọ̀mọ̀wé kò tilẹ̀ bá mi gbà.

Ẹ̀rí tún wà pé ojú kan náà ni wọ́n ń wò jù. Nínú ìwé ìwádìí mẹ́fà tó lókìkí ní Amẹ́ríkà lórí ìmọ̀ ìṣesí ènìyàn, Jeffrey Arnett ka àwọn ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò láti 2003 sí 2007. Nínú ọgọ́rùn-ún, 96 ló wá láti ilẹ̀ àwọn òyìnbó tó ti lajú sí ẹ̀rọ àti ilé iṣẹ́ ńlá. Àwọn ilẹ̀ náà kò ju 12 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ayé lọ.

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọdé ní 1988, ọ̀dọ́ ni mí, mo sì gba káàdì ìwọ̀n gbọ́ bí ẹni gba Bíbélì gbọ́. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá, ọmọ oṣù márùn-ún. Ọmú nìkan ló ń mu, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ lórí káàdì ti rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìlà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Mo bá ìyá náà wí. Mo ní ọmú rẹ̀ kò tó, kó lọ ra mílíìkì inú agolo. Mílíìkì wọ́n, ó bomi là á. Ìgò fífọ̀ ṣòro, omi ẹ̀rọ kò sí. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi gbé ọmọ náà padà dé, ìgbẹ́ gbuuru ti fa ojú rẹ̀ wọlé. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà la fi dá a padà, Ọlọ́run ló yọ wá. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Títí di òní, ọpẹ́ yẹn ń dùn mí ju èébú lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ibi tí ìlà yẹn ti wá. Òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà ti 1977 ni, tí wọ́n sì gbà lò káàkiri ayé. Láti ara àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti mú ti àwọn ìkókó, ọmọ òyìnbó tó jẹ́ pé mílíìkì inú ìgò ni púpọ̀ nínú wọn mu. Ọmọ tó ń mu ọmú máa ń yára tóbi ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò rọra máa bọ̀. Bí ẹ bá fi ọmọ ìgò wọ̀n ọ́n, ẹ ó sọ pé ó ń rù. Ọmọ oṣù márùn-ún yẹn kò ní àrùn kankan. Èmi ni mo gbé àrùn kò ó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ọ̀pá náà gé. Láti 1997 sí 2003 wọ́n wọn ọmọ tó lé ní 8,000 ní Pelotas ní Brazil, ní Accra ní Gánà, ní New Delhi, Oslo, Muscat ní Oman, àti Davis ní Amẹ́ríkà. Ọmọ tó ń mu ọmú ni wọ́n yàn, tí ìyá wọn kì í mu sìgá, tí ilé wọn kò sì ṣaláìní. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006. Ohun tó yẹ kó dákẹ́ ẹnu àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ yangàn nìyí: níbi tí oúnjẹ àti ìtọ́jú bá wà, ọmọ Accra àti ọmọ Oslo ń ga bákan náà. Wọ́n tún wo ọmọ 816 ní márùn-ún nínú àwọn ilẹ̀ náà ní ti jíjókòó, rírá àti ìrìn. Àwọn kan dá jókòó kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́rin, àwọn kan di oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn kan rìn ní oṣù mẹ́jọ, àwọn kan di oṣù mẹ́tàdínlógún ààbọ̀. Ní ti rírá, ó lè di oṣù mẹ́tàlá ààbọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ó lé ní mẹ́rin tí kò fi ọwọ́ àti orúnkún rá rárá. Wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ.

Káàdì tí ìyá ń gbé lọ sílé, ọ̀dọ̀ wa gan-an ló ti gbèrú. Dókítà David Morley wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, ó sì ń tọ àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Òun ló ní kí káàdì wà lọ́wọ́ ìyá, nínú ọ̀rá, kó má wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ohun tó ní ká máa wò ni ibi tí ìlà ọmọ fúnra rẹ̀ dorí kọ láti oṣù dé oṣù. Bí mo bá ti gbọ́ ìyẹn yé ní 1988, ǹ bá ti wo ojú ọmọ kí n tó wo ìlà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọ̀rọ̀ mi yìí ṣe ìrọ̀rí sùn. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá bá mi, ọmọ ogún oṣù. Kò rìn, kò jókòó, ọrùn rẹ̀ pàápàá kò le dáadáa. Ìyá àgbà ní, "Nọ́ọ̀sì, bàbá rẹ̀ náà pẹ́ rìn. Ọmọ wa kì í ṣe ọmọ òyìnbó." Mo bi wọ́n nípa ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, aṣọ tí wọ́n kó káńfọ̀ sí ni wọ́n fi wé e, oòrùn ni wọ́n sì ń sá a sí. Ibà pọ́njú ìkókó ti dé inú ọpọlọ rẹ̀, bí dókítà ti wá sọ fún wa lẹ́yìn náà. Ogún oṣù ni wọ́n fi ń dúró de ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Kò sí ilẹ̀ kankan láyé, ì báà ṣe Kokwet tàbí Oslo, tí ọmọ ogún oṣù tí ọrùn rẹ̀ kò le jẹ́ ohun tí a ń fi àṣà ṣàlàyé.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi ní Mushin, gbọ́ ti ìyá ọkọ rẹ lórí rírá, kí o sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera pẹ̀lú káàdì rẹ̀ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Sọ fún nọ́ọ̀sì gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe, má sọ èyí tí kò ṣe nìkan. Wò ó bóyá ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń lò, bóyá ó ń yí padà bí o bá pe orúkọ rẹ̀, bóyá ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ wà tí kò ṣe mọ́. Bí ọ̀kan nínú èyí bá kù díẹ̀ káàtó, má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá pé oṣù méjìdínlógún tí kò tíì dá rìn, gbé e lọ, ẹnikẹ́ni tó wù kó ní kí o dúró. Bí ẹ bá sì ń wẹ̀ ẹ́, ẹ máa nà án ní ìrọ̀rùn, ẹ má ju ọmọ sókè, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ọrùn ọmọ kékeré kò gba ìyẹn. Kó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá dá, tẹ́ ẹ dojú bolẹ̀ níwọ̀nba, jókòó síwájú rẹ̀, fi ohun tó fẹ́ràn pè é. Yóò sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbé e. Tún ṣe é lọ́la.

Ní ti kẹ̀kẹ́ ìkọ́rìn, sọ fún ọkọ rẹ pé mo kí i, àti pé Kánádà ti fi òfin de títà rẹ̀ láti 2004 nítorí ọmọ tó ń gbé e já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Kò ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Kó fi owó náà ra ẹní tó fẹ̀.